Pátákó Wo Ló Lè Gbé Yín Lórí Ìgbì Òkun?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, ní Nyanya, ní Gwarinpa, àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá bá wà lókè Ọya. Etí adágún Jabi ni mo dúró sí yìí. Ẹ wo pátákó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èyí kékeré tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni. Èyí ńlá tí fóòmù bo gbogbo ara rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 8 ni. Ìgbì òkun ni wọ́n ń fi méjèèjì gùn.

Mo mọ̀ pé èyí kékeré lojú yín máa kọ́kọ́ lọ. Ó rẹwà, ó fúyẹ́, irú rẹ̀ la sì ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn ògbóǹtarìgì lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun lèmi náà kọ́kọ́ rà. Ẹni tó tà á fún mi kò bi mí bí mo ṣe wúwo tó, kò sì bi mí bóyá mo wọ òkun rí. Mo gbé e dé Tarkwa Bay l'Ékòó, mo dùbúlẹ̀ lé e, ó rì sábẹ́ mi, omi bò mí láyà. Ọjọ́ méjì gbáko, mi ò gun ìgbì kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi tọ́jú owó ìrìn àjò yẹn. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àmọ́ gígùn nìkan kọ́ ni ìwọ̀n pátákó. Lítà rẹ̀, ìyẹn bí gbogbo ara rẹ̀ lápapọ̀ ṣe tóbi tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe nípọn tó. Ṣé ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tá a fi ń pọn omi? Ẹ mú èyí tó ṣófo, ẹ dé e pa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Ẹ máa rí i bó ṣe ń ta padà sókè. Lítà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ omi ń gbé nǹkan bíi kílò 1. Bí ẹ bá wọn kílò 75, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló máa gbé yín, pátákó fúnra rẹ̀ náà sì ní ìwúwo tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kí lítà pátákó rẹ̀ má dín sí kílò ara rẹ̀. Bó bá fi díẹ̀ lé e, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí ògbóǹtarìgì ń lo lítà 30? Eré tí ìgbì ń sá ló ń gbé e dúró, apá rẹ̀ sì lágbára láti wa omi títí tó fi máa bá ìgbì náà.

Ẹ̀yin ará Abuja, ibí yìí ni kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ Tarkwa Bay lè wọ omi lójoojúmọ́. Àwa ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹni tó ń gbé létí òkun bá ti fi pátákó ńlá sílẹ̀, àwa ò tíì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 oní fóòmù ló bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu; ẹni tó bá ju kílò 90 lọ, kó mú 9. Bí fóòmù rẹ̀ bá gbáni lórí, kì í sábà ṣeni léṣe bíi ti pátákó líle.

Pátákó líle tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 náà dáa fún ìgbì kékeré tí kò yára, àmọ́ kò tètè yí. Èyí kúkúrú tó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ là bí ìrù ẹja, ẹni tó ti ń dìde dúró dáadáa ló ni ín.

Ẹ yí i dà, kí ẹ wo lẹbẹ rẹ̀. Tom Blake, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi lẹbẹ sídìí pátákó lọ́dún 1935, torí pé ìdí rẹ̀ máa ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún 1980 ni Simon Anderson ará Ọsirélíà ṣe oní lẹbẹ mẹ́ta. Òun náà ló bá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mu.

Bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó, ẹ bi wọ́n bí ẹrù ṣe lè gùn tó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àní kí ẹ tiẹ̀ yá ti ẹlòmíì lò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ra tiyín. Ẹ má sì jẹ́ kí pátákó sùn sínú mọ́tò nínú oòrùn Ẹrẹ́nà ìlú wa yìí. Ooru máa ń jẹ́ kí awọ rẹ̀ ṣí kúrò lára fóòmù. Okùn tí ẹ máa so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí ó gùn tó pátákó náà.

Ẹ jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù ìléfòó mi, kí n gbé èyí ńlá sómi. Mo ti dùbúlẹ̀. Ṣé ẹ rí imú rẹ̀? Ó fi nǹkan bí íǹṣì méjì yọ sókè. Bí omi bá bo imú, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí imú bá ń wo ọ̀run, ẹ sún síwájú. Ó yá, ẹ bá mi gbé èyí kékeré yẹn wá, kí ẹ fojú ara yín rí ibi tí omi máa dé láyà mi.