Ọ̀nà àtijáde ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ: ajá àti omi

Bísí: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ní Manchester, ní Dublin, àti ẹ̀yin ará Houston tí oorun ò tíì dá lójú yín. Oòrùn ti yọ, gbogbo ẹni tó ní ajá ló ń forí lé etí omi. Èmi ni Bísí, Bọ̀ọ̀dá Délé náà ti jókòó.

Délé: Ẹ kú àsìkò yìí o. Bísí, kí o tó bi mí ní nǹkan kan, jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé irọ́ kan kúrò nílé. Wọ́n ní ajá kì í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Irọ́ ni.

Bísí: Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ọ̀pọ̀ wọn bá bọ́ sómi, ẹ ó rí i tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ.

Délé: Ẹsẹ̀ lè máa lọ kí ajá má kúrò lójú kan. Labrador, Newfoundland, Portuguese Water Dog, iṣẹ́ etí omi ni wọ́n torí ẹ̀ ń sìn wọ́n látilẹ̀. Newfoundland tiẹ̀ ní awọ láàárín ọmọ ìka bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Wá wo Bulldog: orí ńlá, àyà gbàǹgbà, ìdí bíńtín. Iwájú ló kọ́kọ́ ń rì. Pug àti French Bulldog, imú wọn kúrú débi pé wọ́n ní láti na orí sókè kí wọ́n tó rí èémí mí. Orí sì rèé, bó bá ti lọ sókè, ìdí á lọ sísàlẹ̀. Ti Dachshund, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ga ju ẹsẹ̀ àpótí ìdáná lọ. Kí ló fẹ́ fi wa omi?

Bísí: Irú wọn lè ṣeré létí omi, àmọ́ kí omi má kọjá ìgúnpá rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ti tólẹ̀, dandan ni láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú ajá léfòó. Ẹ má fi kìlógíráàmù nìkan rà á o. Ẹ fi téèpù wọn àyà ajá yípo, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, níbi tí àyà ti tóbi jù. Kó ní ọwọ́ ìdìmú tó le lórí ẹ̀yìn, kó ní bẹ́líìtì méjì ó kéré tán lábẹ́ ikùn. Ìka yín méjì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bẹ́líìtì náà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ nílẹ̀. Tí jákẹ́ẹ̀tì bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó fẹ́ gba orí rẹ̀ bọ́, ó tóbi jù. Fún onímú kúkúrú, ẹ wá èyí tó ní fóòmù lábẹ́ àgbọ̀n, òun ló ń bá a gbé orí.

Délé: Kó sì wọ̀ ọ́ nílé fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó wọ̀ ọ́ débi omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fún un lẹ́ran jẹ, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára rẹ̀. Tí jákẹ́ẹ̀tì àti omi bá jọ di àjèjì sí i lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀rù méjì lẹ dà pọ̀.

Bísí: Ó dáa, ó ti wọ aṣọ. Ibo la ti bẹ̀rẹ̀?

Délé: Láti ìparí. Ọ̀nà àtijáde la kọ́kọ́ ń kọ́ ajá, ká tó kọ́ ọ ní ọ̀nà àtiwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní púùlù lẹ́yìnkùlé ní Texas, ẹ gbọ́ o: ajá tó bá já sínú púùlù, ibi tó ti já wọlé ló máa fẹ́ gbà jáde. Á máa ha ògiri níbẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, àtẹ̀gùn sì wà ní ìsọdá kejì! Torí náà, ẹ jọ dúró lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nínú omi, ẹ jẹ́ kó gùn ún jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa gba ẹran lókè. Kó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n mítà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kẹ́ ẹ fi í sí, àtẹ̀gùn ni yóò doríkọ.

Bísí: Kí ẹ gbé ìkòkò òdòdó ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú. Ojú ajá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú omi, kò lè rí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rí ìkòkò. Àti ike tí wọ́n fi ń bo púùlù, ìyẹn gan-an ni mo bẹ̀rù jù. Ajá á rò pé ilẹ̀ ni, á tẹ̀ ẹ́, ike á rì, á sì padé lé e lórí. Ọgbà tó ní géètì ló dára jù.

Délé: Ní adágún tàbí etíkun, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí omi ò ṣàn. Okùn tó ń léfòó, tó gùn tó mítà mẹ́wàá, ẹ fi kọ́ òrùka ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi kọ́ ọrùn láéláé. Kí okùn náà má ní ojóbó lẹ́nu, torí ojóbó ni igi abẹ́ omi ń mú. Ẹ má sì wé e mọ́ ọwọ́.

Bísí: Ta ló kọ́kọ́ ń wọ omi?

Délé: Ẹ̀yin ni. Ẹ wọlé, ẹ kẹ́yìn sí i, ẹ máa ṣeré. Tó bá tẹ̀lé yín dé ọrùn ẹsẹ̀, ó tó fún ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó di ìgúnpá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ju ohun ìṣeré tó ń léfòó sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti kúrò nílẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ wa omi bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré, kó mú un, kó yí padà, kó tún tẹ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jáde nígbà tó ṣì ń wù ú. Ẹ má gbé ajá lọ́wọ́ lọ síbi jíjìn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, orí yín ni yóò gùn, ẹ̀yin náà á sì mọ bí èékánná ṣe ń dùn tó.

Bísí: Tí ìdí rẹ̀ bá ń rì ńkọ́?

Délé: Abẹ́ ìbàdí ni kí ẹ fọwọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ àyà. Kí ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, abẹ́ omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú. Èyí tó dúró gbọọrọ, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú lu omi tó ń ta yọyọ, ẹ̀rù ti bà á. Ẹ fà á jáde jẹ́ẹ́, kí ẹ padà síbi tí ìgúnpá rẹ̀ ń kàn.

Bísí: Ẹ má gbàgbé fèrè o. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí kò bá dáhùn ìpè ní páàkì nígbà tí bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀, kò ní dáhùn nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń dárí rẹ̀ lọ sáàárín adágún. Títí tí á fi rẹ̀ ẹ́ ni yóò máa lé e lọ.

Délé: Bọ́ọ̀lù tí o dárúkọ yẹn, ó ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ajá tó bá ń gbé bọ́ọ̀lù róbótó nínú omi, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ gbayawu, omi á sì máa wọlé nígbàkúùgbà. Tí omi aláìníyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọpọlọ á wú. Ikùn á le, á máa bì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, itọ́ á máa dà. Kò sí pé ká dúró dọ̀la, ó lè pa á láàárín wákàtí mélòó kan. Ohun ìṣeré pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fún un ní ìsinmi lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Bísí: Ti òkun yàtọ̀, iyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń fà. Ẹ gbé omi mímu dání, kó má baà dójú lé ti òkun. Ní Britain níbí, ọ̀pọ̀ etíkun ni kì í gba ajá láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ka pátákó wọn kí ẹ tó tú okùn lọ́rùn ajá.

Délé: Kí ẹ wo àwọ̀ omi. Tí adágún bá ní ìfófòó aláwọ̀ ewé bí ọ̀dà tí wọ́n dà sí i, blue-green algae, ohun tíntìntín inú omi tó lè ní májèlé, lè wà níbẹ̀. Adágún Lough Neagh ní Northern Ireland kún fún un ní 2023, adágún Windermere ní England náà ń rí i. Kò sí oògùn apẹ̀rọ̀ fún májèlé rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti iṣan ọpọlọ ló ń bá jà. Bí ajá bá ti wọ ibẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀ kó tó lá ara rẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran.

Bísí: Ìtọ̀ eku nínú omi ló ń gbé àrùn leptospirosis kiri, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ọdọọdún ni. Tí ẹ bá sì kán oògùn eégbọn sí i lẹ́yìn, ẹ ka páálí rẹ̀ kí ẹ mọ iye ọjọ́ tí kò fi gbọdọ̀ wọ omi. Májèlé ni fún kòkòrò inú odò.

Délé: Òtútù ńkọ́? Òkun ibí ò tíì móoru nígbà tí oòrùn oṣù Karùn-ún bá ń tàn wá jẹ. Ajá lè jáde, kí ìrù rẹ̀ wó lulẹ̀ bí okùn tó tutù, kó má lè gbé e. Iṣan ló fara pa, ọjọ́ mélòó kan ni yóò lò. Dókítà lè fún un ní oògùn ìrora. Ibuprofen tiwa kọ́ o! Kíndìnrín ajá ló ń bà jẹ́.

Bísí: Kánáàlì ló kù. Ògiri rẹ̀ ga gbọnrangandan, ajá ò lè gùn ún. Bí ajá yín bá já sínú rẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ rìn lọ sí ibi tí bèbè ti rẹlẹ̀, kí ẹ máa pè é lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà lajá ń jáde, tí ẹni tó bẹ́ tẹ̀lé e kì í jáde. Ní Britain níbí, ẹ pe 999: panápaná ni fún odò àti kánáàlì, Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ni fún òkun.

Délé: Tí ẹ bá fà á jáde tí kò mí, ẹ tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ na ọrùn rẹ̀, ẹ fa ahọ́n síwájú. Ẹ tẹ àyà ní ìgbà 30, ọgbọ̀n géérégé. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ fẹ́ èémí sí ihò imú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìyára 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ajá ńlá, ibi tí àyà ti ga jù. Ajá kékeré, ẹ̀yìn ìgúnpá níbi tí ọkàn wà. Bulldog, ẹ dojú rẹ̀ sókè, kí ẹ tẹ eegun àyà.

Bísí: Tó bá wá dìde, tó gbọn ara, tó ń ju ìrù ńkọ́?

Délé: Ọ̀dọ̀ dókítà náà ni. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè má fi ara hàn títí di ọjọ́ kejì.

Bísí: Ẹ kó o sínú ọkọ̀ báyìí, kí ẹ tó gbọ́ ìyókù wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ etí ajá tó kún fómi la máa sọ.