Òjò dídì tó ń ya lulẹ̀: ìmọ̀ràn fún ọmọ Kwara tó fẹ́ gun snowmobile lórí òkè Kánádà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìrìn àjò sọ ní Ìlọrin la kọ sílẹ̀ yìí, kí àwọn ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìgbájà tí kò ráyè wá lè rí i kà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń lọ sí Calgary àti Edmonton báyìí. Kò ní pẹ́ tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò fi pè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ pé kí àwọn jọ lọ gun snowmobile lórí àwọn òkè British Columbia. Ọkọ̀ náà kò ní táyà: síkíì méjì ló wà níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà ńlá ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ti ń gun ọ̀kadà ní Tankẹ láti kékeré lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n mímọ ọkọ̀ gùn kò ní kí èèyàn mọ òkè. Òjò dídì tó ti kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lè ya lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa sáré bọ̀ ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Avalanche ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìpinnu tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó kọ̀ láti gùn. Gbogbo irinṣẹ́ tí a ó dárúkọ, ẹ̀yìn ìpinnu yẹn ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú un ya. Òjò dídì kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tán. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, ó ń rọ̀ léraléra, èyí tó rọ̀ lónìí á gorí ti àná. Nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí òtútù sì mú gan-an fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn hóró tó wà lókè á yí padà, wọn ò ní lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́. Bí òjò dídì tuntun bá wá bò wọ́n, tí atẹ́gùn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tó wà lókè á le, abẹ́ rẹ̀ á sì wà láìfìdí múlẹ̀. Ẹ gbé pákó lé orí ẹ̀wà gbígbẹ kí ẹ sì dá a sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ó rí bí ó ṣe máa ń lọ. Ìpele aláìlágbára yẹn lè wà nísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i lójú.

Snowmobile àti ẹni tó gùn ún lè wúwo tó 300 kílò. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe ń walẹ̀, ìwúwo náà ń kan ìpele tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn kò lè dé. Nínú ìjàǹbá mẹ́wàá tó pa èèyàn, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹni tó kú náà tàbí ẹni tó bá a lọ ló fa yíya òjò náà. Kò sì dìgbà tí ẹ bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ lè wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìpele náà já lábẹ́ yín, kí jíjá náà sáré gòkè, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè sì wó lé yín lórí. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ipa ọkọ̀ tó ti kọjá ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ dára. Ọkọ̀ mẹ́wàá lè gba ibi tí òjò dídì ti nípọn, kí ìkọkànlá gba ibi tó fẹ́lẹ́ nítòsí àpáta, kí ohun gbogbo sì ya.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà láàárín dígírì 30 sí 45 ni avalanche tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀, nǹkan bí 38 ló sì burú jù. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló ń dùn mọ́ àwọn onísnowmobile. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní highmarking: ẹnì kan á sáré gòkè dé ibi tí agbára ọkọ̀ rẹ̀ mọ, á yípo, á bọ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á fẹ́ kọjá ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yípo lókè yẹn sì ni yíya ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù yín lè wọn dígírì. Áàpù wà fún un, máàpù tó fi àwọ̀ ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́tọ̀ sì wà. Tí ẹ bá dúró sí ibi tí kò tó 30, tí kò sì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá lókè orí yín, ẹ ti yẹra fún èyí tó pọ̀ jù nínú ewu náà. Kí ẹ má gbàgbé apá kejì gbólóhùn yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ń dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọn kò wòkè.

Àmì wà tí òkè fúnra rẹ̀ ń fi hàn. Bí ẹ bá rí ibi tí òjò dídì ti ya láìpẹ́ yìí lórí òkè tó wà nítòsí, tí ilẹ̀ bá dún wúùmù lábẹ́ yín bí ẹni pé ó rì, tàbí tí ojú òjò dídì bá sán lójijì níwájú síkíì, ẹ yí padà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Òjò dídì tó rọ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọjọ́ kan, òjò omi, tàbí ooru tó dé lójijì, gbogbo wọn ń fi kún ewu. Atẹ́gùn sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: ó ń gbá òjò dídì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan òkè, ó ń kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà ewu lè pọ̀ níbì kan ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka ìkéde Avalanche Canada, àjọ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Revelstoke. Ìpele márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewu, wọ́n sì ń sọ ti orí òkè gíga, ti ibi tí igi pin sí àti ti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpele 3 la fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tó bá rí 3 nínú 5 á rò pé ó mọ níwọ̀n. Kò mọ níwọ̀n rárá. Ní ìpele yẹn, ó ṣeé ṣe gan-an kí èèyàn fúnra rẹ̀ mú òjò dídì ya, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ló sì kú ní ọjọ́ tí ìkéde sọ pé 3.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọkùnrin 11 láti ìlú Sparwood lọ gun snowmobile ní Harvey Pass, nítòsí Fernie. Avalanche kọ́kọ́ bo àwọn kan. Àwọn yòókù sáré lọ gbẹ́ wọn jáde, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ni òmíràn ti ya lù wọ́n. Mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2010, lórí Boulder Mountain nítòsí Revelstoke, ọ̀pọ̀ èèyàn péjọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti wo àwọn tó ń gòkè. Ó ya lé wọn lórí, ó pa méjì, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe.

Nítorí irú èyí ni òfin gígùn fi le. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù á dúró jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè náà, ní ibi tí òjò tó ya kò lè dé, kí orí ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà àbájáde, kí ojú wọn má sì kúrò lára ẹni tó wà lókè. Tí ọkọ̀ ẹni náà bá há, ẹ má gòkè lọ bá a. Ibẹ̀ ni àánú ti ń pani: ọkọ̀ kejì ni ìwúwo tí ìpele náà kò lè gbé. Kó fi ọwọ́ gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Yorùbá. Nílé wa, àlejò kì í bá onílé jiyàn, ọmọdé kì í sì í dá àgbà dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tuntun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ mú lọ sórí òkè á ronú pé àwọn tó ti ń gùn ún láti ọdún mẹ́wàá mọ̀ jù òun lọ, á dákẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ò tiẹ̀ balẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ fi ìwà yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Níbi tí ẹ bá gbé mọ́tò sí ní òwúrọ̀, ẹ jọ fẹnu kò pé bí ẹnì kan péré bá sọ pé rárá, gbogbo ẹgbẹ́ á yí padà láìbèèrè ìdí. Ẹgbẹ́ tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má bá wọn lọ.

Irinṣẹ́ mẹ́ta ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní, kò sí yíyá láàárín ara wọn: transceiver, probe (ọ̀pá tí a fi ń gún òjò dídì wá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀) àti ṣọ́bìrì onírin. Transceiver ń fi àmì ránṣẹ́ lórí 457 kHz, kí àwọn tó kù lè wá ẹni tí òjò bò. Abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni kó wà, lórí okùn tirẹ̀. Bátìrì alkaline ni kí ẹ fi sí i, àyàfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá gba irú mìíràn. Fóònù, rédíò àti ìbọ̀wọ́ tó ń gbóná ń da àmì rẹ̀ rú: kí wọ́n jìnnà sí i ní 20 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó bá ń ránṣẹ́, 50 nígbà tí ẹ bá ń wá èèyàn. Probe tó gùn tó mítà méjì àtààbọ̀ tàbí mẹ́ta ló dára. Ẹ̀yìn yín ni probe àti ṣọ́bìrì gbọ́dọ̀ wà, nínú báàgì. Èyí tí ẹ bá dè mọ́ ọkọ̀ lè bá ọkọ̀ rì.

Tó bá ya nígbà tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ fún ọkọ̀ ní iná kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fa airbag (báàgì ẹ̀yìn tó ń wú bíi bàlúùnù) tí ẹ bá ní in, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ sì jà láti wà lójú òjò náà. Bó bá ń dẹwọ́, ẹ gbé ọwọ́ kan síwájú imú àti ẹnu kí àyè atẹ́gùn lè wà níbẹ̀, nítorí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó máa ń le débi pé èèyàn kò lè mira.

Ẹni tí a bá gbẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Tó bá di ìdajì wákàtí, ó ti já sí nǹkan bí mẹ́ta. Hẹlikópítà kì í tètè dé bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í sí lórí ọ̀pọ̀ òkè yẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni olùdóòlà. Ẹ wòkè bóyá òmíràn fẹ́ ya, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo yín yí transceiver sí ìwákiri. Tí ẹnì kan bá gbàgbé, àmì tirẹ̀ lẹ ó máa lé kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Nọ́ńbà ojú transceiver ń fi iye mítà tó kù hàn; bó bá wá sí mẹ́ta, ẹ rọra, ẹ mú ẹ̀rọ náà sún mọ́ ilẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà kéré jù, ẹ fi probe gún un ní ìgun 25 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn, ẹ máa yípo lọ sóde. Tó bá kan èèyàn, ẹ má fà á yọ. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ní ìwọ̀n ìjìnlẹ̀ náà àti ààbọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ wọlé lọ bá a. Ẹ má dúró sórí ẹni tí ẹ ń gbẹ́. Ojú àti àyà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Ẹnì kan béèrè níbi ìjókòó bóyá airbag nìkan kò tó. Kò tó. Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti wà lókè òjò náà, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ igi tàbí àpáta tó bá kọlù. Ẹ lọ kọ́ AST 1, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa avalanche, ọjọ́ méjì ni, ó sì ní ti àwọn onísnowmobile. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa fi transceiver dánra wò nínú ọgbà tàbí páàkì: kí ẹnì kan sin ọ̀kan sínú òjò dídì, kí ẹlòmíràn wá a, títí tí wíwá á fi yá lọ́wọ́ yín nínú ìbọ̀wọ́ nípọn.