Láti orí ibùsùn òru kan dé kọ́kọ́rọ́ ilé ní Peckham: bí Centrepoint ṣe dàgbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Centrepoint, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ tí kò nílé lọ́wọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo mú wá. Ẹ bá mi wo ilé gíga yìí dáadáa. Àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù ló wà, níbi tí Tottenham Court Road ti pàdé Oxford Street. Centre Point ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́ ọ parí, àjà rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Ọdún ń gorí ọdún, ilé náà ṣófo. Olówó tó kọ́ ọ ń dúró de ayálégbé kan ṣoṣo tí yóò gba gbogbo rẹ̀ pọ̀, bó sì ṣe ṣófo tó yẹn, iye tó tó ń gòkè sí i ni. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ báyìí. Kò jìnnà síbẹ̀ rárá, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nínú òtútù.

Ọ̀rọ̀ yìí dun àlùfáà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Kenneth Leech. Ìjọ St Anne's ní Soho, agbègbè kan ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ǹbù ti wó ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé agogo rẹ̀ ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, òun àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ibi sùn. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé tó ṣófo lókè yẹn, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ wọn ní Centrepoint, kí ìtìjú ilé náà má baà pa rẹ́.

Kí ni wọ́n ní nígbà yẹn? Ibi tí èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́jú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Soho kì í sùn lóru. Ọmọ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú báàgì kan, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń ta oògùn olóró àti àwọn tó ń fi ara ọmọlọ́mọ ṣòwò lè tètè rí i ju ẹni rere lọ. Leech mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àárín àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn ti dè mọ́lẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn wà fún ni pé kí ẹni rere kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á mọ́. Ọmọ náà á gbé báàgì rẹ̀, á tún bọ́ sí ojú títì. Níbo ló ń lọ? Ìbéèrè yìí gan-an ló mú ẹgbẹ́ náà dàgbà, lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ló rò pé ìdàgbàsókè ni kí ibùsùn mẹ́wàá di ogún. Àwọn ará Centrepoint ń tẹ̀lé ọmọ náà títí dé ibi tí ìṣòro rẹ̀ tún kù sí. Ó nílò ibi tó lè gbé fún oṣù mélòó kan, wọ́n dá hòsítẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ó dé hòsítẹ́ẹ̀lì, àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kó dìde lórí ibùsùn, wọ́n gba àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ. Kò parí ilé ìwé, wọ́n wá olùkọ́ àti ẹni tó lè bá a wá iṣẹ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà kọjá Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Bradford, Sunderland àti Manchester. Àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 16 sí 25 ni wọ́n gbájú mọ́ di òní.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹni tí à ń pè ní aláìnílé, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Ẹni tó tẹ́ páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìkan kọ́ o. Ọmọ tó sùn sórí àga ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó wà ní ilé àǹtí kan lọ́jọ́rú, tó wọ bọ́ọ̀sì òru láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì lọ́jọ́ Ẹtì kí ara rẹ̀ lè móoru, aláìnílé ni. Aṣọ rẹ̀ lè mọ́. Ó lè máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tó sì ń lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ síta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjà inú ẹbí: òbí tàbí ìbátan tó ní, "Jáde nílé mi!" Àwa náà ń sọ ọ́, ẹ̀yin òbí mi. À ń rò pé ojú á wálẹ̀ lọ́la. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ní a ó fi tòsì fà á mọ́ra, àmọ́ òru ọjọ́ kan péré tó fún ohun tí ọwọ́ òsì kò ní lè tún ṣe mọ́.

Ní ọdún 2009, Centrepoint gba ọ̀gá àgbà tuntun. Ọmọ Nàìjíríà ni, oníṣirò owó ni, orúkọ rẹ̀ sì ni Ṣèyí Obakin. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wa ni. Ọmọọba William ti jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà láti 2005, bí ìyá rẹ̀, Diana, ti jẹ́ láti 1992 títí tó fi kú. Ní oṣù Kejìlá 2009 yẹn, òun àti Obakin sun ìta mọ́jú nítòsí afárá Blackfriars, òtútù ti kọjá ibi tí omi ti ń dì. Ọkọ̀ tó ń gbá títì fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí wọn, torí awakọ̀ kò rí wọn nílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí yóò jọba lọ́la, lórí ilẹ̀, ọkọ̀ kò rí i.

Àìrí yẹn náà ni wọ́n gbógun tì. Ẹgbẹ́ náà ń kọ̀wé sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, káàkiri lábẹ́ òfin tó fún ará ìlú láǹfààní láti béèrè ìsọfúnni, wọ́n ń bi wọ́n pé, ọ̀dọ́ mélòó ló wá bá yín pé òun kò nílé? Wọ́n ń ṣà á pọ̀. Iye náà ń ju 100,000 lọ lọ́dún kan. Ìjọba kò lè sọ mọ́ pé ọmọ díẹ̀ tó ń ṣe agídí ni.

Ìdènà kan wá kù tó le jù lọ. Bẹ̀nẹ́fíìtì, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san, ló sábà ń san owó hòsítẹ́ẹ̀lì, owó náà sì wọ́n. Bí ọmọ bá ríṣẹ́, bí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó ni wọ́n ń gé bẹ̀nẹ́fíìtì tó, ó sì lè dé ibi tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sí i kò ní rí èrè kankan mú lọ. Kó kó jáde ńkọ́? Onílé ń béèrè onídùúró àti owó ìdógò ilé (deposit). Ta ni yóò ṣe onídùúró fún ẹni tí ẹbí ti lé síta?

Nítorí náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé. Ní 2023, wọ́n ṣí Reuben House ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń ra èlùbọ́ àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane. Ilé kéékèèké 33 ló wà níbẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù wọn ni owó ilé. Ibi ìdáná kékeré, ilé ìwẹ̀, ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tì mọ́ ara rẹ̀, àti lẹ́tà tó ń wá pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ẹ̀rí àdírẹ́sì rí kí báńkì tó dá yín lóhùn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń wò mí lórí fóònù, tí o kò mọ ibi tí wàá sùn lálẹ́ òní, gbọ́. Tí o bá jẹ́ 16 tàbí 17, ẹjọ́ kan tó kan káńsù Southwark, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ní 2009, fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọdé tó nílò ìtọ́jú ni ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọmọdé ló yẹ kó gbà ọ́, wọn ò gbọdọ̀ kàn júwe hòsítẹ́ẹ̀lì fún ọ. Tí o bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti oṣù Kẹrin 2018 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí káńsù bá ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́ wá ojútùú fún ọjọ́ 56, kódà kó tó bọ́ síta. Centrepoint náà ní nọ́ńbà tí o lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ kí o tó lọ. Bí o bá dé káńsù, tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ bá ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, má bá a jà. Sọ fún un kó kọ ìpinnu náà sínú ìwé, kó kọ ìdí rẹ̀ sí i, kó sì fún ọ.