Ẹsẹ̀ Méjì ní Dodge City: Àwọn Òṣèré Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú Apá Àkọ́kọ́ Gunsmoke

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nípa eré, àti ẹ̀yin tí fíìmù kábọ́ì nìkan ló gbé yín wá síbí lónìí, mo kí gbogbo yín. Apá kan ṣoṣo nínú eré kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré Gunsmoke han àwọn òǹwòran. John Wayne, òṣèré fíìmù kábọ́ì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri nígbà náà, ló kọ́kọ́ yọjú láti fi eré náà lé wọn lọ́wọ́, kí apá àkọ́kọ́, tí wọ́n pè ní “Matt Gets It”, tó bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún ni eré yìí fi wà lórí afẹ́fẹ́, apá 635 ni wọ́n sì ṣe kí ó tó parí ní 1975. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó gbé e ró tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo àwọn tí kì í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, àwọn tí a mọ ojú wọn dáadáa ṣùgbọ́n tí orúkọ wọn kì í tètè wá síni lẹ́nu. Òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni n ó máa pè wọ́n.

Ìtàn apá náà kò gùn. Dodge City ní ìpínlẹ̀ Kansas ni ó ti wáyé, láyé ìgbà tí àwọn darandaran ń da màlúù wá síbẹ̀ láti Texas kí ọkọ̀ ojú irin lè kó o lọ sí ìlà-oòrùn. Matt Dillon ni agbófinró àgbà níbẹ̀, James Arness ló sì ṣe é. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dan Grat wọ ìlú, ẹ̀sùn ìpànìyàn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Agbófinró kan wá láti Amarillo láti mú un, Grat sì yìnbọn pa á. Nígbà tí Matt náà lọ kò ó lójú, ọwọ́ Grat yá ju tirẹ̀ lọ, ìbọn bà á, ó sì ṣubú sínú erùpẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: apá àkọ́kọ́ pàá, lójú àwọn òǹwòran tí wọn kò tíì mọ akọni wọn tuntun yìí rí, akọni náà ti dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Lórí ibùsùn àìsàn ni ó ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, tí ó fi rí i pé ọwọ́ Grat yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìbọn yìn bá ẹni tí ó wà ní ibi jíjìnnà, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sún mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ pa. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, Matt kò jẹ́ kí ó sún mọ́ òun, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Paul Richards ló ṣe Dan Grat. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò kéré, nítorí Arness ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ lọ, Richards kò sì ga tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ mú kí a gbà pé ọkùnrin gíga yìí lè kú sí i lọ́wọ́. Ìrìn ni gbogbo àṣírí náà. Bí Grat bá ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ bá jà, ìgbéraga ni òǹwòran kọ́kọ́ rí níbẹ̀, ìwà ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí Matt bá rí ìdí rẹ̀ ni àwa náà tó mọ̀ pé àbùkù ni Grat fi ìgbéraga bò mọ́lẹ̀. Bí òṣèré náà bá fi àbùkù náà hàn jù, ìtàn ti tú kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sì fi í hàn rárá, ọgbọ́n Matt yóò dà bí èyí tí òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Lójú tèmi, èyí ṣòro ju ṣíṣe akọni lọ, torí pé ọ̀dájú tí yóò kú ní ìparí kò ní apá kejì tí yóò fi tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Mo fi ẹsẹ̀ méjì ṣe orúkọ ọ̀rọ̀ mi, ó sì tó àkókò kí n ṣàlàyé. Ẹsẹ̀ kìíní ni ti Chester, igbákejì Matt, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan le gbagidi tí ó sì ń tiro káàkiri ìlú. Dennis Weaver tí ó ṣe é kì í ṣe arọ. Eléré ìdárayá ni, ó tilẹ̀ díje ní 1948 láti wà lára àwọn tí yóò ṣojú Amẹ́ríkà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, nínú eré onípele mẹ́wàá tí a ń sá, tí a ń fò, tí a sì ń ju ọ̀kọ̀. Wọ́n ní kí ó wá ohun kan tí kò ní jẹ́ kí Chester dà bí ẹni tí ó lè rọ́pò akọni, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ẹsẹ̀ líle náà. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ ṣe, ìbáà jẹ́ gígun ẹṣin tàbí jíjókòó sídìí iná láti po kọfí, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tí kò ká ṣe é. Ní 1959 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Emmy, èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n lọ́lá ní Amẹ́ríkà.

Ẹsẹ̀ kejì ni ti Arness fúnra rẹ̀. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní Anzio, ní Ítálì, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìrora náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà, nínú ọ́fíìsì agbófinró yẹn, ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń tiro, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn nítòótọ́ sì ń gbìyànjú láti rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Mi ò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi iṣẹ́ òṣèré hàn mí yékéyéké báyìí.

Ẹni kẹta ni Milburn Stone, tí ó ṣe Dókítà Adams, tí gbogbo ìlú ń pè ní Doc. Ọmọ Kansas gan-an ni Stone, wọ́n bí i ní Burrton ní 1904, ó sì ti ń ṣe fíìmù láti nǹkan bí ogún ọdún kí ó tó dé Dodge City. Kí eré náà tó di ti tẹlifíṣọ̀n, orí rédíò ni ó wà láti 1952, Howard McNear ló ń sọ̀rọ̀ bíi Doc níbẹ̀, William Conrad sì ni ohùn Matt. Wọn kò mú Conrad lọ sí tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ó sanra, kò sì rí bí Matt tí wọ́n ń wá fún ojú. Stone ní láti fi ojú kíkorò àti ọ̀rọ̀ ìbáwí rọ́pò ohun tí àwọn èèyàn ti fi etí gbà fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn sì ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹnìkan: ó máa ń bá a wí. Bí àwọn ará wa ṣe mọ Moses Ọláìyá sí Bàbá Sàlá títí tí orúkọ eré fi borí orúkọ àbísọ, bẹ́ẹ̀ ni Stone di Doc. Òun náà gba Emmy ní 1968.

Wákàtí kan kọ́ ni apá kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. Ìdajì wákàtí ni, dúdú àti funfun, ìpolówó ọjà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Kò sí àyè láti sọ ìtàn ìgbésí ayé àlejò tó wọ ìlú, nítorí náà ojú àlejò náà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí irú àwọn òṣèré bíi Jack Elam fi ń padà wá léraléra, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan lónìí, òmíràn lọ́la. Nígbà tí Elam wà lọ́mọdé, pẹ́ńsùlù gún un lójú òsì, ojú náà sì fọ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe kí ó tó di òṣèré. Kí ó tó la ẹnu, òǹwòran ti mọ̀ pé ewu dé, ìṣẹ́jú méjì tí olùdarí ìbá fi ṣàlàyé sì ti di èrè.

Weaver kúrò nínú eré náà ní 1964, Ken Curtis, tí ó ti jẹ́ akọrin nínú ẹgbẹ́ Sons of the Pioneers, sì gba ipò amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nípa ṣíṣe Festus, ọkùnrin onírùngbọ̀n gàgàrà tí ohùn rẹ̀ ń ha. Wọn kò ní kí ó tiro. Ohùn akọrin tó dùn yẹn ni Curtis fi pamọ́, gẹ́gẹ́ bí Weaver ṣe fi ẹsẹ̀ eléré ìdárayá pamọ́.

Ní 1971, ọkàn Stone fúnra rẹ̀ ni ó ṣàìsàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Pat Hingle wá ṣe dókítà mìíràn ní Dodge City fún ìgbà díẹ̀, títí Stone fi gbádùn tí ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí eré parí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nínú àwọn òṣèré pàtàkì mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1955, méjì péré ló kù: ẹni tí ìbọn Dan Grat bà, àti dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀.