Ilé Wo Lẹ Fẹ́ Mú Un Wọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Tó Lẹ́bùn Tó sì Ní Wàhálà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, Èkó. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Rowe Park dé tí òógùn ò tíì gbẹ lára yín, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kì í ṣe tuntun. Tí àsìkò àtira agbábọ́ọ̀lù bá ti tó, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Agbábọ́ọ̀lù kan á wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, tó jẹ́ pé tó bá dìde sókè, ojú gbogbo èèyàn á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó ti bá akọ́nimọ̀ọ́gbá jà níbi tó ti ń bọ̀, tàbí kí ọlọ́pàá ti mú un rí, tàbí kó máa mu ohun tí kò yẹ kó mu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú ẹgbẹ́ tó wà. Ṣé kí tiwa gbà á? Àwọn kan á ní, "Ẹ gbà á jàre, ife là ń wá, a ò wá ọkọ fún ọmọ wa." Àwọn mìíràn á ní, "Oníwàhálà ò ní kó wàhálà rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò kó bá àwọn tó kù ni." Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kálukú á sì gba ilé lọ láìyí èrò padà.

Ohun tí mo rí ni pé ìhà méjèèjì, ẹni tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n tẹjú mọ́. Mo fẹ́ ká yíjú sí ilé tó ń bọ̀ wá. Ta ló wà níbẹ̀ tó lè bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́? Kí ni ẹgbẹ́ ti pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ tí inú máa bí i? Tí a ò bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, kò sóhun tí a mọ̀ tí a fi ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo Rasheed Wallace. Ní sáà 2000 sí 2001, nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Portland, ẹ̀ẹ̀mẹ́kànlélógójì ni àwọn rẹfirí fún un ní fáàwù tẹ́kíníkà, ìyẹn ìyà fún ìwà àìtọ́ bíi kéèyàn máa bá rẹfirí jà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kọjá iye yẹn nínú sáà kan ní NBA, líìgì àgbà ti Amẹ́ríkà, títí di òní. Òun nìkan kọ́. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Portland ìgbà náà ń jáde nínú ìròyìn ọlọ́pàá bó ṣe ń jáde nínú ìròyìn eré ìdárayá, débi pé àwọn èèyàn yí orúkọ ẹgbẹ́ náà, Trail Blazers, padà sí Jail Blazers, torí pé ẹ̀wọ̀n ni "jail". Ní 2003, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ní láti kọ ìwé ìlérí sí àwọn olólùfẹ́ wọn lórí ìwà tí wọn yóò máa hù. Nígbà tó di oṣù kejì 2004, wọ́n ta Wallace sí Atlanta. Eré ẹyọ kan ló gbá níbẹ̀, ó ju póìǹtì 20 sínú agbọ̀n, wọ́n sì tún tà á lọ sí Detroit. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún náà, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó gba ife. Lakers tó ní Shaquille O'Neal àti Kobe Bryant ni wọ́n nà, 4 sí 1.

Ṣé ìwà rẹ̀ yí padà láàárín oṣù mẹ́rin? Rárá o. Ó ṣì ń bá rẹfirí jiyàn. Ohun tó yí padà ni àwọn tó yí i ká. Larry Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá Detroit, jáde ní Yunifásítì North Carolina tí Wallace fúnra rẹ̀ ti jáde, abẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, Dean Smith, sì ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Chauncey Billups àti Ben Wallace ti wà nílẹ̀, wọ́n ti mọ irú eré tí àwọn fẹ́ gbá kó tó dé. Kò sẹ́ni tó gbé ẹgbẹ́ lé e lórí pé kó máa dá a gbé lọ. Ó bá iṣẹ́ nílẹ̀, ó sì ṣe é.

Dennis Rodman náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀meje léraléra, láti 1992 dé 1998, ni kò sẹ́ni tó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà tó o ní gbogbo NBA. Síbẹ̀ San Antonio ò lè mú un mọ́ra. Ó máa ń pẹ́ dé, wọ́n dá a dúró, ó tún ṣe é. Ní 1995, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ Will Perdue, àwọn ará Chicago sì gbà á. Ẹ má gbàgbé pé Rodman yìí kan náà ló ti Scottie Pippen, agbábọ́ọ̀lù Chicago, ṣubú kúrò lórí pápá ní 1991 tí àgbọ̀n rẹ̀ fi bẹ́. Nítorí náà, kí Chicago tó mú un, wọ́n bi Pippen, wọ́n sì bi Michael Jordan bóyá àwọn lè bá a gbé. Wọ́n ní àwọn lè bá a gbé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Eré 72 ni wọ́n gbà nínú 82 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ife mẹ́ta léraléra ló sì bá wọn gbà.

Mi ò ní fi apá kan ìtàn náà pamọ́ fún yín. Ní oṣù kìíní 1997, Rodman ta ayàwòrán kan tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nípàá. NBA lé e kúrò fún eré 11 láìsanwó fún un, ó sì san owó gọbọi fún ọkùnrin náà. Gbogbo ife tí Chicago gbà ò sọ ìpá yẹn di ohun kékeré lára ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹlòmíì tí kò sí nínú ìdúnàádúrà lè jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nìyí, torí a máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ tàbí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìtọ́jú ló yẹ ká bá a wá. Ẹni tó ń bá rẹfirí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá fa wàhálà, ìbáwí àti sùúrù ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu obìnrin ilé rẹ̀, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ife wá síbẹ̀ rárá. Kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí ẹni tí wọ́n lù rí ìtọ́jú àti ààbò. Mo ti gbọ́ kí olólùfẹ́ kan máa sọ nípa irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé, "Ó ń ju 25 lálẹ́ ọjọ́ kan." Àwọn ọmọbìnrin wa wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ó kan ọmọ ilé wa wàyí. Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń ṣe kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti di ọmọ ọdún 15. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí ọ̀mọ̀lúàbí, ojú yẹn la fi ń wò ó lónìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 1992, ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston, ní ó ń díbọ́n pé ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n sì dá a dúró. Òun náà fárí gá, ó ní kí wọ́n ta òun. Òun àti Charlie Thomas tó ni ẹgbẹ́ wá di ọ̀tá ara wọn. Ẹ wò ó, ká ní a wà níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ti wà lára àwọn tó ń ké pé kí wọ́n tà á, pé kò ṣeé bá gbé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹgbẹ́ náà ń lọ sí Japan láti lọ ṣí sáà. Wákàtí 14 ni wọ́n máa lò nínú bàálù, ẹ̀gbẹ́ Thomas gan-an ni Hakeem sì bọ́ sí. Wọn ò ríbi sá lọ fún ara wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ náà, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì parí ìjà. Hakeem dúró. Ní 1994, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù, òun ni wọ́n yàn ní ẹni tó mọ ilé sọ́ jù, òun náà ló tún gba ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ nínú àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú sáà kan rí ṣáájú rẹ̀. Houston gba ife ọdún náà, wọ́n tún gba ti 1995. Mi ò fi Hakeem wé Rodman o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí bí orúkọ burúkú ṣe ń tètè mọ́ èèyàn lára, àti ohun tí ìjókòó pẹ̀lú ara ẹni lè tú.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń yọrí sí rere. Roy Tarpley ti Dallas gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú àwọn tó ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé ní 1988. Oògùn olóró mú kí NBA lé e ní 1991. Wọ́n gbà á padà ní 1994, Dallas sì ná owó ńlá lé e lórí. Nígbà tí 1995 fi máa parí, ó ti tún kúrò, ó sì kúrò pátápátá. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ nìkan tó láti wo irú àìsàn yẹn sàn ń tan ẹgbẹ́ jẹ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019. DeMar DeRozan àti Kevin Love, agbábọ́ọ̀lù NBA méjì, ti sọ ní gbangba ní ọdún tó ṣáájú pé ọkàn àwọn ń dàrú, pé àwọn nílò ìrànlọ́wọ́. NBA wá pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ. Mo bi àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn pé ta ló mọ ẹgbẹ́ kan ní Èkó tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Ṣùgbọ́n a ò ṣófo. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní Rowe Park, ọmọkùnrin gíga kan bínú sí rẹfirí, ó fi bọ́ọ̀lù lu ògiri, ó sì bú u tìyá-tìyá. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé kó jáde. Bọ̀ọ̀dá kan tí orúnkún ò jẹ́ kó gbá mọ́ dìde, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta píọ̀ wọ́tà. Ó ra méjì, ó já ọ̀kan fún un, ó mu èkejì. Wọn ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bọ̀ọ̀dá tó la ẹnu, tó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ náà padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún rẹfirí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń san kọ́bọ̀ fún bọ̀ọ̀dá yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra ọmọ tí wàhálà rẹ̀ ti kún ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba irú bọ̀ọ̀dá yìí síṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn pé òun lọmọ náà máa pè tí nǹkan bá dojú rú, ìbáà jẹ́ lóru.

Ó ku tiwa, àwa tá a jókòó tá à ń wòran. Ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, 2004, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Detroit láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù Indiana àti ti Detroit. Wọ́n ti ń parí ẹ̀, Ron Artest, agbábọ́ọ̀lù Indiana, ti lọ nà gbalaja sórí tábìlì àwọn akọ̀wé eré. Òǹwòran kan ló ju ife ohun mímu lù ú láti òkè. Artest bẹ́ sínú èrò, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbá mú. Eré 86 ni kò gbá nítorí ìyẹn. Ó jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ olólùfẹ́ ni ife yẹn ti wá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Lakers gbà á, abẹ́ Phil Jackson ló sì bọ́ sí, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú Rodman mọ́ra ní Chicago. Ní 2010, nígbà tí wọ́n na Boston nínú eré keje àṣekágbá, Artest ju 20. Nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, níwájú gbogbo ayé. Ó tún fi òrùka ife náà kó owó jọ fún ìtọ́jú ọpọlọ.

Ìbéèrè púpọ̀ ló tẹ̀ lé e, ọ̀kan ni màá mẹ́nu bà. Ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń jiyàn yìí, ṣé ẹnì kankan ti bi àwọn tó máa bá a wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ?" Mo ní fún un pé ohun tí Chicago ṣe nìyẹn kí Rodman tó dé, òun náà ló sì yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe: kí wọ́n bi àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí ọ̀gá jókòó tì wọ́n. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè bá a gbé, kí wọ́n má gbà á, ìbáà ju 40 lálẹ́ ọjọ́ kan.