Kí ló ń sọ preform di funfun? Ẹ wo bí ike ṣe ń dì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Preform méjì ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n máa ń fẹ́ di ìgò. Ẹ̀rọ kan náà ló pọ̀ wọ́n jáde, ike PET kan náà sì ni, ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi. Ọ̀kan mọ́ gaara, èkejì funfun bí ẹ̀kọ. Ọmọ iṣẹ́ á ní ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ẹ mú ìgò omi tó ti ṣófo, ẹ fi ayùn gé ọrùn rẹ̀. Ọrùn ni mo wí o! Ẹ tan ófúnù sí 170 lórí Celsius, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ wò ó, ó ti funfun. Bẹ́ẹ̀ kò yọ́, torí PET kì í yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bí 250.

Okùn gígùn tín-ín-rín ló pọ̀ nínú ike. Tó bá yọ́, wọ́n á lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Tó bá ń tutù, wọ́n á máa ká, wọ́n á máa to léra bí aṣọ inú àpótí. Ohun tí wọ́n bá tò yẹn là ń pè ní kírísítálì. Ojú kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá tàn yíká. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlù ú á fọ́n ká, la fi ń rí funfun.

Àmọ́ ó gba àkókò. Lókè 250, ara okùn kò balẹ̀. Nísàlẹ̀ nǹkan bí 75, wọ́n ti gan pa. Àárín ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to, wọ́n sì yára jù nítòsí 170. Iṣẹ́ wa ni ká sáré kọjá ibẹ̀.

Ó yá, ẹ wá sídìí ẹ̀rọ. Omi tó ń wọ mọ́ọ̀dì, irin tó ń fún ike ní ìrísí, nǹkan bí 10 ni mo máa ń fi í sí. Ẹ yí preform dorí kodò: ojú ibi tí ike gbà wọlé ló ń kọ́kọ́ funfun, torí ibẹ̀ ni ooru ń pẹ́ sí jù. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kún àkókò ìtutù. Tó bá jẹ́ gbogbo ara, ẹ yẹ ọ̀nà omi wò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo ti tú mọ́ọ̀dì palẹ̀ lásán rí, páìpù ló dí. Ẹ tún wo bí ike ṣe gbẹ sí: ọ̀rinrin á já okùn sí kéékèèké nígbà tó bá ń yọ́, okùn kúkúrú sì tètè ń to.

Ẹ̀yin tí ẹ gé ara ìgò dípò ọrùn, mo mọ̀ yín. Tiyín kàn súnkì ni, àbí? Wọ́n ti na ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ìgò. Ó ní kírísítálì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá.