Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀jẹ̀: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Ka Kóòdù Tó Fi Ń Ṣe Purotéènì

Ní gbọ̀ngàn kan ní Tanke, Ìlọrin, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó àti àwọn òbí wọn. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìmúra.

Ìwé àyẹ̀wò jẹnotáìpù méjì ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Àbúrò mi obìnrin ló ni méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́, nígbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ṣe é, AA ni wọ́n kọ sí i. Èkejì, AS. Láàbù kan nínú ìlú yìí, tí n kò ní í dárúkọ, ló ṣe èkejì nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. AS sì ni ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ilé gbóná lọ́jọ́ náà. Màmá wa ní àwọn aṣebi ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun. Ẹnì kan ní kò jẹun dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí wọ́n tú gbogbo ètò náà ká kíá, nítorí AS méjì tó bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ìṣirò ẹ̀gbọ́n kò burú. Ìwé tó gbà gbọ́ ni ká bi léèrè.

Àmọ́ kí ni A? Kí ni S? À ń dárúkọ wọn bí ẹni ń dárúkọ ẹbí, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Tí a bá ti ní purotéènì ní Ìlọrin, wàrà ló ń wá sí wa lọ́kàn, tàbí ẹ̀wà, tàbí ẹran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n purotéènì ju oúnjẹ lọ. Òun ni irun, òun ni èékánná. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, àmínò ásíìdì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìlú tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà láyé àtijọ́ kò nílò kí n ṣàlàyé pé bí a ṣe tò ó lórí okùn ló ń sọ ohun tó máa dà. Wàrà tí ẹ jẹ láàárọ̀, inú yín á tú okùn rẹ̀, á da ìlẹ̀kẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì yín á wá tún un sín ní bátànì tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń jẹ ẹran màlúù láti kékeré kò fi hu ìwo.

Inú DNA ni bátànì yẹn wà. Tí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó máa tó mítà 2, ó ga ju ẹnikẹ́ni tí mo ń wò nínú gbọ̀ngàn yìí lọ. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, T, G àti C. (Ẹ jọ̀ọ́, A ti DNA kọ́ ni A ti jẹnotáìpù. Orúkọ ló kàn jọra. Ọdọọdún ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú.)

Ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ kì í gbé ojúlówó rẹ̀ jáde nílé. Fọ́tòkópì ló ń gbé lọ. Sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. DNA jókòó sínú yàrá, ibi tí wọ́n nílò nìkan ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síta. Ẹ̀dà yẹn ni RNA. U ló ń jókòó sípò T nínú rẹ̀. Níta, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ ráíbósóòmù ti ń dúró dè é, lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ló sì fi ń kà á.

Mo kọ nǹkan sára pátákó: ÌYÁADÉPỌNOMI. Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: “Ìyá Adé pọn omi!” Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta ni. Iṣẹ́ ráíbósóòmù gan-an nìyẹn, nítorí kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, kò sì sí kọ́mà. Mo bá pa Y rẹ́, mo ní kó tún un kà ní mẹ́ta-mẹ́ta: ÌÁA DÉP ỌNO MI. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́tà kan ló sọnù, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ló dàrú. Mo dá Y padà, mo wá fi W sípò P. Ìyá Adé wọ́n omi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì dán. Àmọ́ omi tó yẹ kó wọ àmù ti di ti ilẹ̀. Ẹ bá mi fi W yẹn sọ́kàn.

Lẹ́tà mẹ́rin tí a tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀rọ̀ 64 ló ń bí. 61 nínú wọn ń pe ìlẹ̀kẹ̀. Mẹ́ta tó kù, UAA, UAG àti UGA, ń sọ pé ó tó, ẹ so okùn. AUG ló ń ṣí ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ kò ti ju 20 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ju orúkọ kan lọ, bíi ọmọ tó ní àbísọ, tó ní oríkì, tó tún ní èyí tí ààfáà sọ ọ́. Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei ló ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961. Wọ́n fún oje bakitéríà ní RNA tó jẹ́ U nìkan, UUUUUU, ìlẹ̀kẹ̀ phenylalanine nìkan ló sì ń sín ṣáá. Nígbà tó fi máa di 1966, wọ́n ti ka gbogbo 64. Ẹ kíyè sí i pé oje bakitéríà ni: kòkòrò àti èèyàn, èdè kan náà ni wọ́n ń kà. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè fi jíìnì ínsúlíìnì èèyàn (apá DNA tí bátànì purotéènì tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà) sínú bakitéríà lọ́dún 1978, tó sì ń sín in bí ẹni tó mọ̀ wá tẹ́lẹ̀.

Ta ló ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá? RNA kékeré mìíràn ni. Ẹ pè é ní lébìrà. Lébìrà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó mọ̀, ẹrù kan náà ló sì ń rù títí. Tí ráíbósóòmù bá dé orí GAG, lébìrà GAG ló máa ráyè wọlé, á sọ ẹrù kalẹ̀, á jáde lọ rù òmíràn. Nínú ara èèyàn, bíi ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ni ráíbósóòmù kan ń sín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹtirasáíkílìnì, oògùn apakòkòrò tí ẹ máa ń rà láìrí dókítà (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀), ẹnu ọ̀nà tí lébìrà ń gbà wọ ráíbósóòmù kòkòrò ló ń dí.

Ó wá kan ẹ̀jẹ̀. Hímóglóbíìnì ni purotéènì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́. Okùn mẹ́rin ló wé mọ́ra: alpha méjì, beta méjì. Ìlẹ̀kẹ̀ 146 ló wà lórí okùn beta. Ẹ ka a dé ìkẹfà. (Ìlẹ̀kẹ̀ AUG tó ṣáájú, sẹ́ẹ̀lì máa ń gé e sọnù, a kì í kà á mọ́ wọn.) Nínú ẹ̀dà A, GAG ló wà níbẹ̀, glutamic acid ló ń pè. Nínú ẹ̀dà S, GUG ni, valine ló ń pè. Pọn di wọ́n.

Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine ń sá fún un. Tí hímóglóbíìnì S bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀, valine yẹn á wá kòtò kan lára aládùúgbò rẹ̀, á sá wọ ibẹ̀. Èyí á lẹ̀ mọ́ ìyẹn, ìyẹn á lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí wọ́n á fi di ọ̀pá gbọọrọ. Ọ̀pá náà á máa ti ara sẹ́ẹ̀lì látinú, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé. Dòjé kò lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibẹ̀ ni eegun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ lóru. Fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ pé GAG di AAG, lysine ló máa bọ́ síbẹ̀, òun ni C tí ẹ ń rí nínú AC àti SC. Vernon Ingram ló fi hàn ní Cambridge, láàárín 1956 sí 1957, pé ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ni S fi yàtọ̀ sí A.

Ẹ̀fọ́ àti àgbo lè ṣe ara lóore. Wọn kì í pààrọ̀ lẹ́tà.

Báwo wá ni ìwé méjì ṣe sọ ohun méjì? Nítorí pé irú àyẹ̀wò tí àbúrò mi ṣe yẹn kì í ka lẹ́tà rárá. Purotéènì ni wọ́n ń wò. Wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kán an sí etí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti mu omi, wọ́n á gbé iná lé e. Hímóglóbíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí apá kan. Iná ń fa glutamic acid mọ́ra, nítorí náà A ló ń ṣíwájú. Valine kò ní ohun tí iná lè fà, S á rẹ̀yìn. Lysine tilẹ̀ ń fa tirẹ̀ sẹ́yìn ni, C á kẹ́yìn pátápátá. Ibi tí kálukú bá dúró sí ni wọ́n á fi kọ ìwé fún yín.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú àyẹ̀wò kejì, ọ̀kadà gbé àbúrò mi ṣubú lọ́nà Asa Dam. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. AS lè fún èèyàn lẹ́jẹ̀, kò léèwọ̀. Hímóglóbíìnì ẹni ẹlẹ́ni ló bá a sáré lórí ìwé náà. Inú bí mi sí láàbù yẹn, kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ wọn, nítorí pé wọn kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára láìpẹ́ yìí?

Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní DNA. Ó ti ju ojúlówó ìwé rẹ̀ nù kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí àyè lè gba hímóglóbíìnì. Kò lè sín okùn tuntun mọ́, tó bá sì lò tó bíi 120 ọjọ́, ó ti parí. Àwọn tuntun tó ń jáde látinú mùdùnmúdùn eegun àbúrò mi, lẹ́tà tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n.

A sún yìgì síwájú, a dúró ju oṣù mẹ́rin lọ. Mo yọ ìwé kẹta jáde nínú àpò, mo gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i: AA. Ìyá àgbà kan níwájú ṣe “Alihamudulilai.” Wọ́n ti so yìgì náà. Màmá wa kò sọ ti aṣebi mọ́, àmọ́ títí di òní ló ń bi mí bóyá a lè wá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn rí, kí òun lè lọ kí i.